Bí ẹ ṣe lè tẹ́ tábìlì Sábáàtì fún akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní Òṣogbo

Akẹ́kọ̀ọ́ Júù tó bá wọlé sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń bá ilé kan nílẹ̀ tó ti ń retí rẹ̀. Rábì Benjamin Frankel ló dá Hillel, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Júù, sílẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní 1923, ẹgbẹ́ náà sì ti tàn dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọgbà ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà. Àwọn Chabad, ẹgbẹ́ Júù Ọ́tódọ́ọ̀sì, ṣí ilé tiwọn àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ sí UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ní 1969. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń sọ àjèjì di ẹni ilé lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, fi ń bẹ̀rẹ̀, lójú kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà ìdánwò ń bọ̀ tàbí kò bọ̀.

Ní Òṣogbo, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ́ tábìlì yẹn. Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ Júù tó wà ní UNIOSUN ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn nígboro, tí gbogbo ojúgbà rẹ̀ ń gba felóṣíìpù tàbí mọ́ṣáláṣí lọ, tí òun sì ń dá jókòó sí yàrá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: kí wọ́n yan ààrẹ, kí wọ́n yan akọ̀wé, kí wọ́n tẹ bánà, kí ìjà sì dé lórí owó ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Ẹ jẹun pọ̀ fún odidi sáà kan ná. Bí tábìlì bá dúró, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní le.

Ẹni mélòó ló tó?

Ẹni mẹ́ta tó. Àwọn àdúrà kan wà tó jẹ́ pé àfi tí ẹ bá pé mẹ́wàá, iye tí wọ́n ń pè ní minyan. Àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ẹ̀ka Júù tó rọ̀ mọ́ òfin àtijọ́ jù, ń ka ọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́tàlá nìkan. Ẹ̀ka Reform àti ọ̀pọ̀ ìjọ ẹ̀ka Conservative ń ka obìnrin mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá pé mẹ́wàá, ẹ kò ní ka Kaddish, àdúrà ìyìn tí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ náà máa ń kà, ẹ kò sì ní ka Tórà, ìwé Mósè márààrún, látinú àkájọ ìwé pẹ̀lú ìbùkún rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù ṣe é ṣe: Shema (ìjẹ́wọ́ pé Ọlọ́run kan ló wà), Amidah (àdúrà ìdúró) tí kálukú ń gbà jẹ́ẹ́, Kiddush (ìbùkún tí wọ́n fi ń ya Sábáàtì sí mímọ́), orin, àdúrà lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ẹni mẹ́ta bá ti jẹ búrẹ́dì pọ̀, wọ́n tiẹ̀ ní ìpè pàtàkì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà ẹ̀yìn oúnjẹ náà, èyí tí ẹnì kan tàbí méjì kò lè ṣe. Nítorí náà, ẹ má dúró de ẹni mẹ́wàá. Ẹ lè dúró títí ẹ ó fi gboyè.

Iṣẹ́ ni kí ẹ fi so àwọn èèyàn mọ́ tábìlì. Ẹni tó kàn wá jẹun lè máà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń mú búrẹ́dì wá yóò wá, torí ó mọ̀ pé ebi yóò pa yín. Kí ẹnì kan máa ra ọjà, kí ẹnì kan máa dáná, kí ẹnì kan máa yan búrẹ́dì, kí ẹnì kan máa tẹ àdúrà sórí bébà. Lálẹ́ Wẹ́sìdeè, kí kálukú ti sọ bóyá òun ń bọ̀, kí ẹni tó ń lọ ọjà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè lè mọ iye tí yóò rà. Ẹ má lẹ nọ́ńbà yàrá yín mọ́ pátákó ìkéde. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kí ó kọ́kọ́ bá ọ̀kan nínú yín sọ̀rọ̀.

Àlejò tí kì í ṣe Júù ńkọ́? Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó jókòó sí. Àwọn Júù kì í wá ọmọlẹ́yìn kiri, tábìlì yìí kì í sì í ṣe ti ìjọ Kristẹni tó ń pa Sátidé mọ́: àwọn Júù kò gba Jésù ní Mèsáyà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ di Júù, ẹ má ṣèlérí kankan fún un. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní beit din ló ní àṣẹ yẹn, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó gba àkókò gígùn, ìkọlà fún ọkùnrin, àti ìrìbọmi nínú mikveh, adágún omi ìwẹ̀nùmọ́.

Yàrá àti àkókò

Ẹni tó ń pa Sábáàtì mọ́ dáadáa kì í gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí ilẹ̀ Sátidé yóò fi ṣú. Ibi tí gbogbo yín lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn padà láìséwu, ni kí ẹ yàn. Yàrá kan lẹ́bàá ọgbà sàn ju pálọ̀ ńlá ní Ògo-Olúwa lọ.

Ní Òṣogbo, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:20 ní àárín oṣù kọkànlá, ó sì ń kọjá 7:00 díẹ̀ ní oṣù keje. Àbẹ́là méjì ni wọ́n ń tàn, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀. Láti ìgbà náà, wọn kì í tan iná, wọn kì í pa á, wọn kì í sì í dáná. Ìyẹn ni pé ní oṣù kọkànlá, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti jinná kí aago mẹ́fà tó lù. Lẹ́kíṣọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó parí ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sábà ń ba èyí jẹ́, torí náà ẹ parí iṣẹ́ iná lálẹ́ Tọ́sìdeè, kó ku ìrẹsì nìkan fún ọ̀sán Jímọ̀. Ẹ tan fìtílà sólà tó lè gba wákàtí mẹ́fà sílẹ̀, ẹ má fi ọkàn sí iná NEPA. Bí họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ka iná àbẹ́là léèwọ̀, ọ̀pọ̀ rábì gbà kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì alábátìrì rọ́pò rẹ̀. Ẹ má rú òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì nítorí àbẹ́là.

Ẹ tẹ gbogbo àdúrà àti orin sórí bébà, lédè Hébérù àti bí wọ́n ṣe ń pè é ní lẹ́tà tiwa. Fóònù kò sí ní lílò lórí tábìlì yìí, ẹni tó bá sì ti gbára lé e yóò kàn jókòó bí odi nígbà tí orin bá dé.

Oúnjẹ

Níbí ni wàhálà pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ìgbádùn wà. Ẹran tí oníṣẹ́ Júù kò bá pa kì í ṣe kosher, ìyẹn ohun tí òfin Júù gbà ní jíjẹ, nítorí náà màlúù inú ọjà, adìyẹ àti pọ̀nmọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ṣe é. Ẹja tó ní lẹbẹ́ tó sì ní ìpẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ: Titus dára, ẹ̀pìyà dára. Ẹja àrọ̀ kò dára, torí kò ní ìpẹ́ rárá. Ẹja yíyan tó ti dúdú tán ní Ìgbọ̀nà, àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ kò bá rí awọ àti ìpẹ́ lára ẹja, ẹ má rà á. Edé, alákàn àti ìgbín kò wọlé.

Edé ló ń gbéni ṣubú jù lọ, torí pé kì í ṣe ohun tí ojú ń tètè rí. Ó wà nínú ata gígún tí wọ́n ti pò sílẹ̀, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín olóúnjẹ, ọ̀rẹ́ tó sì fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lè bù ú sínú ẹ̀fọ́ láìbéèrè. Tó bá ti wọ ìkòkò gbígbóná, ọ̀rọ̀ kò mọ sórí ọbẹ̀ nìkan mọ́. Ìkòkò fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ẹni tó ń pa òfin mọ́, àfi tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rábì bí ẹ ṣe máa tún un ṣe. Ẹ lọ ata yín fúnra yín, ẹ fi irú sí i kó lè ta sánsán, ẹ sì ní ìkòkò, ṣíbí àti ọ̀bẹ tiyín tí ẹlòmíràn kì í yá.

Ìkòkò irin tàbí abọ́ dígí tuntun tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Júù gbọ́dọ̀ wọ omi mikveh kí ẹ tó lò ó. Níbi tí mikveh kò sí, odò tó ń ṣàn láti orísun inú ilẹ̀ lè ṣe é, kó jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí àríyànjiyàn wà lórí odò tí omi òjò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bó lébẹ́ẹ̀lì àti gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ dànù, kí omi lè kan gbogbo ara ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gbé e lọ sí Igbó Ọ̀ṣun o. Ojúbọ àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun ni, wọ́n sì fún un ní ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́. Ẹ wá odò mìíràn lẹ́yìn ìlú. Ike kò nílò èyí.

Ẹ̀wà ṣíṣà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, torí kòkòrò jẹ́ èèwọ̀ ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ nínú òfin yìí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí atẹ funfun, ẹ mú èyí tó ní ihò kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ ìyókù sómi, kí ẹ sì da èyí tó bá léfòó nù. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, ẹ já a ní ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ṣàn án, kí ẹ tún gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò. Ẹyin, ẹ máa fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú gíláàsì kí ẹ tó dà á pọ̀. Èyí tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ dà á nù.

Fún ẹni mẹ́jọ: ìrẹsì kíló kan, Titus ńlá mẹ́rin tí ẹ gé sí mẹ́ta mẹ́ta, ẹyin mẹ́jọ, ìdì ẹ̀fọ́ ńlá mẹ́rin. Bí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja bá ti jinná, ẹ kó wọn sínú kúlà kí ẹ tó tan àbẹ́là. Kúlà kì í fi kún ooru oúnjẹ, ó kàn ń pa á mọ́ ni, torí náà òfin gbà á; oúnjẹ yóò ṣì gbóná nígbà tí ẹ bá jókòó.

Búrẹ́dì méjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, odindi, tí ẹ fi aṣọ bò. Ẹ po ìyẹ̀fun wíìtì kíló kan, yíìsì gíráàmù mẹ́wàá, ṣúgà gíráàmù ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyin méjì, òróró mílílítà 120 àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 450. Ẹ gbo ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé àwọn ará òkèèrè á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ tàbí méjì. Nínú ooru Òṣogbo, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Bó bá ti di ìlọ́po méjì, ó tó. Bó bá pẹ́ jù, yóò máa rùn kíkan, yóò sì rọ̀ lulẹ̀ nínú ààrò. Ẹ pín in sí méjì, ẹ di kọ̀ọ̀kan bí irun dídì, ẹ sinmi rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ yan án ní ìwọ̀n 180 fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí márùndínlógójì. Bí kò bá sí ààrò, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ẹ dé e kó gbóná dáadáa, kí ẹ tó gbé abọ́ búrẹ́dì lé e lórí iná tí kò le.

Ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ gbígbóná ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀wà ni kó sè. Ẹ̀wà olóyin ìdajì kíló, àlùbọ́sà, epo, ègé iṣu àti ẹyin tí ẹ kò bó. Ẹ sè é títí yóò fi ju àbọ̀ jíjinná lọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e ka àdògán eléèédú tí ẹ ti fi eérú bo èédú rẹ̀, kí àbẹ́là tó tàn. Eérú yẹn kì í ṣe àṣà lásán: òun ló ń fi hàn pé ẹ kò ní ko iná mọ́, ó sì wà nínú òfin láti ayé àtijọ́. Omi gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀wà lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, torí ẹ kò ní lè bu omi sí i mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá jóná, àìtó omi ló fà á. Ìta gbangba ni àdògán yẹn yóò sùn o. Èédú tó ń jó nínú yàrá títì máa ń pa èèyàn lójú oorun, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò sì ní òórùn.

Alẹ́ náà gan-an

Lẹ́yìn àbẹ́là, ẹ kọ Shalom Aleichem, orin ìkíni alẹ́ Sábáàtì. Ẹni kan yóò gbé ife tó gbà tó mílílítà 86 ó kéré tán, yóò sì ṣe Kiddush. Wáìnì kosher ṣòroó rí ní Òṣogbo. Chabad tó wà ní Àbújá ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè tipẹ́. Bí kò bá sí, ẹ ṣe Kiddush alẹ́ Jímọ̀ lórí búrẹ́dì fúnra rẹ̀, òfin gbà á. Ẹ má fi sóbò tàbí ẹmu rọ́pò lálẹ́ yìí. Lẹ́yìn Kiddush orí wáìnì (tàbí ṣáájú Kiddush, tó bá jẹ́ orí búrẹ́dì), ẹ bu omi sí ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ ṣe tòsì bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gé búrẹ́dì tí wọ́n tẹ iyọ̀ sí. Ẹ sọ èyí fún àlejò ṣáájú, kó má baà rò pé inú ń bí yín.

Oúnjẹ, orin, àlàyé kékeré lórí ẹsẹ Tórà ọ̀sẹ̀ náà, àdúrà ẹ̀yìn oúnjẹ. Wákàtí méjì tó. Tó bá ti ń kọjá aago mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń rìn padà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Havdalah, ètò tí wọ́n fi ń parí Sábáàtì, ni ti alẹ́ Sátidé, tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá ti yọ: àbẹ́là olówùú púpọ̀ tí ẹ lọ́ pọ̀, ife ohun mímu, àti òórùn dídùn. Kànáfùrù ọjà dára púpọ̀ fún un. Tíì tàbí bíà lè rọ́pò wáìnì níhìn-ín.

Àgọ́ oṣù Tishrei

Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹ wà, ẹ kọ́ sukkah, àgọ́ tí wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀ nígbà Àjọ Àgọ́ ní oṣù Tishrei ti kàlẹ́ńdà Júù. Ní 2026, Àjọ Àgọ́ bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ẹ ri oparun mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kó fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, fún ẹni mẹ́fà. Ògiri mẹ́ta tó. Ẹní tàbí tapólínì ṣe é fi ṣe ògiri, ṣùgbọ́n ògiri tí atẹ́gùn ń gbé sọ́tùn-ún sósì kò gbà, torí náà ẹ ta okùn yí i ká láti ilẹ̀ títí dé ìwọ̀n mítà kan, kí àlàfo àárín okùn kan sí èkejì má tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún. Òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó hù nílẹ̀ tí wọ́n ti gé: màrìwò ló dára jù lọ. Pánù kò gbà, abẹ́ igi tàbí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbà, kí òjìji sì pọ̀ ju oòrùn lọ nínú rẹ̀. Ní bí ọjọ́ kẹta, màrìwò á ti gbẹ, á ti lọ́, oòrùn á máa wọlé; ẹ já méjìlá sí i sílẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún onílé àti aládùúgbò kí ẹ tó gbé màrìwò wọlé. Ní ilẹ̀ wa, màrìwò lẹ́nu ọ̀nà túmọ̀ sí pé nǹkan wà níbẹ̀, àgbà tó bá sì rí i lójijì yóò béèrè ohun tí ẹ ń bọ. Ẹ kí wọn, ẹ ṣàlàyé, ẹ pè wọ́n wá jẹun. Oṣù kẹsàn-án sì ni òjò ń rọ̀ gan-an: tí òjò bá ti lè ba ọbẹ̀ jẹ́, ẹ wọlé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè fi tapólínì bò ó nígbà tí ẹ kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ ká a kúrò kí ẹ tó jókòó.

Ìdánwò ọjọ́ Sátidé

Kí sáà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni kí lẹ́tà yín ti dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ díìnì àti ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Lẹ́tà tó dé lọ́sẹ̀ ìdánwò, àwáwí ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí ní pàtó. Bí àpẹẹrẹ, ní 2026, Ọjọ́ Ètùtù jẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè 20 sí alẹ́ Mọ́ńdè 21 oṣù kẹsàn-án, ààwẹ̀ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìmu omi. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: ìdánwò ní ọjọ́ mìíràn, tàbí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú lábẹ́ ìṣọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Adventist ní ìṣòro Sátidé kan náà. Bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan, àwọn aláṣẹ tètè máa ń dáhùn.

Tí ọ̀kan nínú yín bá rí ìwé gbà lọ sókè òkun, kó wá Hillel tàbí Chabad ọgbà náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Chabad jẹ́ ti Ọ́tódọ́ọ̀sì, Hillel ń gba gbogbo ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀, kó má sì ya fọ́tò lórí tábìlì.

Èyí tó wà nílẹ̀ ní Òṣogbo, ẹ má jẹ́ kó bá ẹni tó ń lọ sìnrú ìlú lọ. Kúlà, ìkòkò, aṣọ búrẹ́dì, bébà àdúrà àti ìwé tí ẹ kọ iye oúnjẹ àti orúkọ olùtajà ẹja sí, ọwọ́ ẹni tó wà ní ìpele kejì ni kí wọ́n wà kí sáà tó parí, kí òun sì ti fúnra rẹ̀ ṣètò tábìlì ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà níbẹ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà.